Òtútù Kọ́ Ló Kọ́ Wọn Lọ́gbọ́n

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ti di orin lẹ́nu àwa ọ̀dọ́, orin náà la fẹ́ bá wí lónìí. Ẹ ó gbọ́ ọ nínú mọ́tò tó ń ti Orè bọ̀ wá sí Òkìtìpupa, ẹ ó gbọ́ ọ níbi tí wọ́n ti ń jẹ ẹja yíyan lálẹ́, ẹ ó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó gboyè jáde àti lẹ́nu ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì. Kí ẹnì kan ṣáà ti dárúkọ ìlú òyìnbó tí iná kì í kú, ẹlòmíì á ní: "Òtútù ló kọ́ wọn lọ́gbọ́n jàre. Níbẹ̀ yẹn, tó ò bá ronú ṣáájú, òtútù á pa ẹ́. Àwa ńkọ́? Oòrùn ń ràn, ẹ̀gẹ́ ń ta lẹ́yìnkùlé, kí la fẹ́ máa ronú fún?" Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀.

Ká má purọ́, àwa náà ti sọ ọ́ rí. A sọ ọ́ nígbà tí iná mànàmáná dàwátì ní ìhà gúúsù Oǹdó fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí jẹnẹrétọ̀ wá di mọ̀lẹ́bí nínú ilé. A sọ ọ́ lọ́jọ́ tí ọ̀rẹ́ wa kan gba físà. Ó máa ń tuni lára láti sọ. Ohun tó ń tuni lára nínú rẹ̀ gan-an ló sì jẹ́ kó léwu: tó bá jẹ́ ojú ọjọ́ ló ba tiwa jẹ́, a jẹ́ pé kò sẹ́ni tó jẹ̀bi. Gómìnà ò jẹ̀bi, káńsẹ́lọ̀ ò jẹ̀bi, àwa tí a gba owó ọbẹ̀ lọ́jọ́ ìdìbò náà ò jẹ̀bi. Oòrùn ló jẹ̀bi. Ta ló sì fẹ́ pe oòrùn lẹ́jọ́?

Nọ́wè ni ìlú tí wọ́n sábà máa ń fi ṣàpẹẹrẹ. Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká gbé Nọ́wè kalẹ̀ ká tú u wò, torí ìlú náà ò ṣàjèjì sí ilé wa tó bí ẹ ṣe rò. Pánlá tó wà nínú ọbẹ̀ ìyá yín, ibẹ̀ ló ti wá. Kì í ṣe pánlá inú yìnyín tí wọ́n ń gé tà lójú ọ̀nà o. Èyí tó gbẹ, tó le bí igi là ń wí, tí àwọn Ìgbò ń pè ní òkporókó, tí èèyàn ní láti rẹ sómi kó tó rọ̀.

Àwọn erékùṣù kan wà ní àríwá Nọ́wè tí wọ́n ń pè ní Lofoten. Ibẹ̀ ti kọjá ibi tí oòrùn ti ń yọ lójoojúmọ́. Láàárín oṣù Kejìlá sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kìíní, oòrùn kì í yọ níbẹ̀ rárá, tó bá sì di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, kì í wọ̀. Láti oṣù Kìíní sí oṣù Kẹrin lọ́dọọdún, ẹja ńlá kan tí wọ́n ń pè ní cod máa ń ti inú òkun Barents wá síbẹ̀ láti yé ẹyin. Àwọn apẹja á kó o, wọ́n á gé orí rẹ̀, wọ́n á so ẹja méjìméjì pọ̀ nídìí ìrù, wọ́n á fi kọ́ sórí igi gbọọrọ tí wọ́n tò sí gbangba. Kò síyọ̀, kò síná, kò sí èéfín. Atẹ́gùn ni. Láti nǹkan bí oṣù Kejì títí di oṣù Karùn-ún ni ẹja náà á fi máa fì níbẹ̀, títí omi inú rẹ̀ á fi lọ tán. Nǹkan bí kílò márùn-ún ẹja tútù ló ń di kílò kan pánlá. Àwọn ará Ítálì ló ń ra èyí tó dára jù lára rẹ̀. Orí ẹja náà ńkọ́, tí àwọn tó pa á ò kà sí nǹkan kan? Nàìjíríà ló ń gba èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Ìgbà ogun Bìáfrà, láàárín 1967 sí 1970, wà lára ìgbà tí pánlá wọ ilẹ̀ wa lọ́pọ̀ yanturu, nígbà tí àwọn aṣàánú ń kó o wá fún àwọn tí ebi ń pa.

Ẹ dúró síbẹ̀ ná, torí níbí gan-an ni orin "òtútù ló kọ́ wọn" ti kọ́kọ́ já. Òtútù nìkan ò lè ṣe pánlá. Tí ó bá tutù jù, omi inú ẹja á dì, ẹran ara rẹ̀ á fọ́. Tí ó bá móoru díẹ̀ sí i, eṣinṣin á dé, á sì jẹrà. Lofoten wà níbi tí gbogbo nǹkan ì bá ti dì gbagidi, bíi ti àwọn ilẹ̀ mìíràn tó jìnnà sí àríwá tó bẹ́ẹ̀. Kí ló gbà á sílẹ̀? Omi gbígbóná ni. Odò ńlá kan wà nínú òkun Àtìláńtíìkì, tó ń gbé omi tó móoru láti ìhà ọ̀dọ̀ àwọn ilẹ̀ olóoru lọ sí etí òkun Nọ́wè. Òun ni kì í jẹ́ kí èbúté wọn dì, kódà nígbà òtútù tó le jù. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa o: ooru àwọn ilẹ̀ tí oòrùn ń pa ló ń gba ará Nọ́wè lọ́wọ́ òtútù. Bó bá jẹ́ pé ojú ọjọ́ ló ń kọ́ni lọ́gbọ́n, ó yẹ kí wọ́n wá dúpẹ́ lọ́wọ́ ooru.

Ẹ wá wo tiwa. Àwọn tó ní ooru ò jẹ́ ká ronú nípa ọ̀la, ṣé wọn ò jẹ púpurú rí ni? Ilẹ̀ Ìkálẹ̀ jẹ́ ilẹ̀ ọ̀rinrin. Etí òkun ò jìnnà sí wa, àbàtà pọ̀, òjò máa ń rọ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù láàárín ọdún, ọyẹ́ kì í sì pẹ́ lọ́dọ̀ wa kó tó padà síbi tó ti wá. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ sá ẹ̀gẹ́ sóòrùn lósù Keje ní Òkìtìpupa, ìṣu funfun ló máa bá lórí rẹ̀. Àwọn ìyá wa mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n á bó ẹ̀gẹ́, wọ́n á rẹ ẹ́ sómi fún ọjọ́ bíi mẹ́rin títí á fi rọ̀, tí májèlé inú rẹ̀ á sì lọ. Wọ́n á yọ okùn inú rẹ̀, wọ́n á dì í sínú àpò, wọ́n á gbé òkúta lé e kí omi ro dànù. Lẹ́yìn náà wọ́n á mọ ọ́n róbótó bíi bọ́ọ̀lù, wọ́n á tò ó sórí pẹpẹ lókè iná, wọ́n á sì fi èéfín gbẹ ẹ́ títí ẹ̀yìn rẹ̀ á fi dúdú kirikiri. Inú rẹ̀ á ṣì funfun báláú. Wọ́n á ha ẹ̀yìn dúdú yẹn dànù, wọ́n á gún un, wọ́n á jọ̀ ọ́, ó di ìyẹ̀fun. Ó lè wà nílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù.

Ohun kan náà ni pánlá àti púpurú. Oúnjẹ kan wà tó máa bàjẹ́, àwọn èèyàn kan wo ojú ọ̀run ìlú wọn, wọ́n wo ohun tó wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì wá bí wọ́n á ṣe mú omi kúrò nínú rẹ̀. Àwọn kan lo atẹ́gùn, àwọn kan lo èéfín. Tí ẹ bá wá rò ó dáadáa, tiwa tún le ju tiwọn lọ, torí ẹ̀gẹ́ kì í ṣe oúnjẹ àjogúnbá wa. Àwọn Pọtogí ló gbé e dé Áfíríkà láti Amẹ́ríkà Gúúsù. Ohun àjèjì tó ní májèlé nínú ni wọ́n gbé fún àwọn baba ńlá wa, wọ́n sì sọ ọ́ di oúnjẹ tó ń jẹ́ orúkọ wọn. Ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ ìyá tó ń jí ní aago mẹ́rin ìdájí láti kó púpurú sórí iná bóyá ó nílò yìnyín kó tó mọ̀ pé ọ̀la ń bọ̀.

A ò tíì sọ ti ògógóró o. Igi ògùrọ̀ inú àbàtà ló ń fún wa lẹ́mu, àwọn èèyàn wa sì fi àgbá, páìpù àti omi tútù ṣe ẹ̀rọ tó ń sọ ẹmu náà di ọtí líle. Ìjọba òyìnbó ayé ìgbà yẹn ò yìn wọ́n fún un. Ṣe ni wọ́n fòfin dè é, tí ọlọ́pàá ń wọ igbó láti fọ́ àgbá, torí kí ọtí inú ìgò tiwọn lè tà. Ẹni tó ní ooru sọ wá di ọ̀lẹ, kó ṣàlàyé ìdí tí wọ́n fi ní láti fi ọlọ́pàá lé ọ̀lẹ kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Nọ́wè, torí ìtàn wọn ló máa pa orin yìí pátápátá. Òtútù ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé. Ṣé wọ́n ti lówó láti ọjọ́ náà? Ọ̀gbẹ́ni, rárá. Abẹ́ Dẹ́nmárkì ni wọ́n wà fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún títí di 1814. Nígbà tí wọ́n kúrò lábẹ́ Dẹ́nmárkì, wọ́n bọ́ sábẹ́ ọba Swídìn, ó sì di 1905 kí wọ́n tó dá dúró. Lásìkò tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì dí ojú òkun mọ́ wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1800, tí ọkà ò lè wọlé, èèpo igi ni wọ́n ń lọ̀ mọ́ ìyẹ̀fun kí búrẹ́dì lè tó jẹ. Ìdí rẹ̀ ni pé ilẹ̀ tó ṣeé dáko sí ò pọ̀ ní Nọ́wè: nínú ọgọ́rùn-ún ìlẹ̀ wọn, nǹkan bíi mẹ́ta péré ni. Ìyókù jẹ́ àpáta, igbó àti òkè. Òtútù náà wà níbẹ̀ o, ó ń fẹ́ yẹ́ẹ́, kò sì kọ́ wọn bí ebi ò ṣe ní pa wọ́n.

Ní 1825, ọkọ̀ ojú omi kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Restauration gbéra láti Stavanger, ó kó èèyàn bí àádọ́ta lọ sí New York. Láti ọdún náà sí nǹkan bí 1925, ó lé ní 800,000 ará Nọ́wè tó kó lọ sí Amẹ́ríkà Àríwá. Lọ́dún 1900, gbogbo èèyàn tó wà ní Nọ́wè ò ju mílíọ̀nù méjì àti díẹ̀ lọ. Ẹ fi èyí wé ara wọn. Jápa ni wọ́n jápa! Wọ́n ta màlúù, wọ́n ta ilẹ̀ bàbá wọn, wọ́n wọkọ̀. Bí ẹ bá ti rí ọmọ Ìkálẹ̀ tó ta ilẹ̀ rọ́bà bàbá rẹ̀ nítorí físà, ẹ ti rí ará Nọ́wè ọdún 1880.

Kí ló wá yí padà? Ní ìparí 1969, wọ́n kan epo rọ̀bì lábẹ́ Òkun Àríwá, níbi tí wọ́n ń pè ní Ekofisk. Epo! Ohun kan náà tí wọ́n ti kàn ní Olóìbírì lọ́dún 1956, tí àwa ti fi ọdún mẹ́tàlá ṣáájú wọn. Tí ẹ bá sì fẹ́ ká sọ òótọ́ tó dé ìdí rẹ̀, ilẹ̀ wa níbí ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń wá epo káàkiri ní gbogbo Nàìjíríà. Lọ́dún 1908, ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Nigerian Bitumen Corporation ń gbẹ́ ilẹ̀ ní àgbègbè Aráròmí, ní ìhà Òkìtìpupa. Ogun Àgbáyé Kìíní tó bẹ́ sílẹ̀ ní 1914 ló dá wọn dúró. Lọ́dún 1908, àwọn apẹja Lofoten ṣì ń fi ọkọ̀ ìgbòkun pẹja.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ ká sọ ìtàn ọkùnrin kan fún yín. Orúkọ rẹ̀ ni Farouk al-Kasim. Ọmọ Basra ni, ní orílẹ̀-èdè Iraq, ìlú tí oòrùn rẹ̀ lè dín ẹyin. Ó kẹ́kọ̀ọ́ nípa òkúta àti epo inú ilẹ̀, ó sì fẹ́ ọmọ Nọ́wè. Ọmọ wọn kan ní àìlera, wọ́n sì gbọ́ pé ìtọ́jú tó dáa wà ní Nọ́wè, ni wọ́n bá kó lọ ní 1968. Lọ́jọ́ tó dé Oslo, ó ku wákàtí mélòó kan kí ọkọ̀ ojú irin rẹ̀ tó gbéra, ó wá yà sí iléeṣẹ́ ìjọba kan láti béèrè orúkọ àwọn ilé iṣẹ́ epo tó lè gbà á síṣẹ́. Ìjọba fúnra rẹ̀ ló gbà á. Àwọn tí wọ́n ní òtútù kọ́ lọ́gbọ́n ò mọ nǹkan púpọ̀ nípa epo lásìkò náà. Ọmọ ilẹ̀ olóoru ló ń bá wọn ka èsì ohun tí wọ́n rí lábẹ́ òkun, òun ló wà lára àwọn tó bá wọn kọ ìlànà bí orílẹ̀-èdè ṣe máa di epo rẹ̀ mú kó má bọ́ sọ́wọ́ àwọn àjèjì. Ìlú tó ti wá ló ti rí bí àwọn ilé iṣẹ́ òkèèrè ṣe ń fa epo èèyàn gbẹ. Ohun tó rí nínú ooru ló lọ kọ́ wọn nínú òtútù.

Ní 1971, ilé aṣòfin wọn fọwọ́ sí ìlànà mẹ́wàá lórí epo. Ọ̀kan nínú rẹ̀ ni pé wọn ò gbọdọ̀ máa dáná sun gáàsì tó bá epo jáde, àfi fún ìgbà díẹ̀ tí wọ́n bá ń dán kànga wò. Àwa náà ṣòfin. Lọ́dún 1979, ìjọba Nàìjíríà ṣòfin tó ní kí sísun gáàsì dópin ní oṣù Kìíní 1984. Òfin wọn àti òfin wa jọ ń sọ ohun kan náà. Ọ̀kan dúró, ọ̀kan di ìwé ìpolówó ẹ̀pà. Gáàsì ṣì ń jó ní Nàìjíríà bí a ti ń wí yìí. Ṣé oòrùn ló ń dáná sí i ni?

Ní 1990, wọ́n dá àpò kan sílẹ̀ fún owó epo, wọ́n sì kọ́kọ́ fowó sí i ní 1996. Àpò náà ti kọjá tírílíọ̀nù dọ́là kan ààbọ̀, fún èèyàn tí kò tó mílíọ̀nù mẹ́fà. Ohun tó wú wa lórí nínú rẹ̀ kì í ṣe iye rẹ̀. Ohun tó wú wa lórí ni pé orúkọ gbogbo ilé iṣẹ́ tí wọ́n fi owó náà ra ìpín nínú wọn wà ní gbangba, ọmọ iléèwé lè ṣí i wò. Níbí, ẹ lọ béèrè iye tó wọ àpò ìjọba ìbílẹ̀ yín lóṣù tó kọjá, kí ẹ sì wo ojú tí wọ́n máa fi wò yín.

A mọ ohun tí àwọn kan máa sọ. Wọ́n á ní a ń ṣe bí ẹni pé ilẹ̀ àti ojú ọjọ́ ò já mọ́ nǹkan kan. Rárá o, ó já mọ́ nǹkan. Omi tó ń já ṣooro láti orí òkè Nọ́wè ló ń fún wọn ní èyí tó pọ̀ jù nínú iná mànàmáná wọn, àwa tí ilẹ̀ wa tẹ́jú lọ bẹẹrẹ ò ní irú rẹ̀ ní Ìkálẹ̀. Ẹ̀fọn wa ń fún wa níbà, òtútù wọn kì í jẹ́ kí irú ẹ̀fọn bẹ́ẹ̀ gbèrú. Etí òkun wọn jẹ́ àpáta. Tiwa jẹ́ ẹrẹ̀ àti iyanrìn. Láyé àtijọ́, yìnyín tó nípọn gan-an bo ilẹ̀ wọn, ó ń wọ́ lọ díẹ̀díẹ̀, ó ń gbẹ́ àpáta bí ẹni ń gbẹ́ igi. Nígbà tó yọ́, òkun ya wọ inú kòtò tó gbẹ́, ìyẹn ni wọ́n ń pè ní fjord. Èyí tó gùn jù níbẹ̀, Sognefjord, lé ní igba kìlómítà, ó sì jìn ju mítà 1,300 lọ. Yìnyín yẹn wúwo débi pé ó tẹ ilẹ̀ mọ́lẹ̀, láti ìgbà tó sì ti lọ, ilẹ̀ àgbègbè Oslo ṣì ń gbéra sókè díẹ̀díẹ̀ lọ́dọọdún. Ilẹ̀ wọn ń dìde. Ilẹ̀ àwọn ará wa ní Ìlàjẹ ń bọ́ sómi.

(Ẹ forí jì wá, a ní láti sọ èyí. Ní girama, a há fjord sórí. A ya á sínú ìwé, olùkọ́ máàkì í, a gba mẹ́jọ nínú mẹ́wàá. Kò sẹ́nì kan tó kọ́ wa ní ibi tí odò Olúwa ti ń ṣàn wá àti ibi tó ń lọ, bẹ́ẹ̀ omi rẹ̀ la sì ń rí lójoojúmọ́. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé jọ́gíráfì ni orúkọ ìlú wa: òkìtì tó pupa, ilẹ̀ pupa tó ga díẹ̀ ju àbàtà tó yí i ká lọ, ibi tí ẹsẹ̀ èèyàn ti lè gbẹ.)

Ṣùgbọ́n ẹ wo Ayétòrò dáadáa kí ẹ tó fi í ṣe ẹ̀rí fún òtútù. Lọ́dún 1947, àwọn onígbàgbọ́ kan dó sórí ẹrẹ̀ létí òkun, níbi tí ẹnikẹ́ni ò rò pé ìlú lè wà. Wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, wọ́n jọ ń pín èrè. Kí ọdún 1950 tó parí lẹ́sẹẹsẹ rẹ̀ títí dé 1960, wọ́n ti ní iná mànàmáná tiwọn, wọ́n ń kan ọkọ̀ ojú omi, wọ́n ń ṣe bàtà, wọ́n ń hun aṣọ. Nínú ooru yìí náà ni o, láàárín ẹ̀fọn, láìsí yìnyín kankan. Òkun ti gba ibi tó pọ̀ nínú ìlú náà báyìí, ó gba ilé, ó gba iléèwé, ó gba ibojì. Iṣẹ́ ìdènà òkun tí wọ́n kéde fún wọn láti bí ogún ọdún sẹ́yìn, etí la fi gbọ́ ọ, ojú ò rí i. Òkun ló wó Ayétòrò lóòótọ́. Àmọ́ òkun kọ́ ló gba owó iṣẹ́ tí kò ṣe.

A ò sì sọ pé ará Nọ́wè jẹ́ áńgẹ́lì. Epo tí wọ́n ń tà fún ayé wà lára ohun tó ń mú kí òkun ga sí i, tó ń gbé ilé àwọn ará Ìlàjẹ lọ. Nílé wọn náà, àwọn Sámi tó ń da àgbọ̀nrín ilẹ̀ òtútù ní láti lọ sílé ẹjọ́ nítorí ẹ̀rọ atẹ́gùn tí wọ́n rì mọ́ ilẹ̀ ìjẹko wọn ní Fosen. Ilé ẹjọ́ tó ga jù dá wọn láre ní 2021, síbẹ̀ ẹ̀rọ náà ò kúrò nílẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ ní láti lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà iléeṣẹ́ ìjọba ní Oslo ní 2023 kí wọ́n tó gbọ́ tiwọn. Ibẹ̀ náà, ẹni tí kò bá béèrè, wọn ò ní fún un.

Ìdí tí a fi ń pariwo nìyí. Ọ̀dà dúdú wà nínú ilẹ̀ wa. Bítúmẹ̀n. Ó gba abẹ́ ilẹ̀ láti Ògùn kọjá ní Oǹdó dé Ẹdó, ó tó nǹkan bí 120 kìlómítà. Ní Àgbabù, ó ń tú jáde fúnra rẹ̀ tí oòrùn bá mú gan-an. Àwọn àgbà ti mọ̀ ọ́n kí òyìnbó tó dé. Lọ́dọọdún, a máa ń gbọ́ pé àwọn olùdókòwò ń bọ̀, síbẹ̀ Nàìjíríà ṣì ń ra bítúmẹ̀n láti òkè òkun láti fi tẹ́ títì, títì tó sì gba iwájú ilé wa kọjá jẹ́ kòtò. Ọmọ Ìkálẹ̀ kan tó kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìmọ̀ òkúta inú ilẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn, Olúṣẹ́gun Àgagù, ọmọ Ìjù-Odò, ṣe gómìnà láti 2003 sí 2009. Wọ́n ti sọ yunifásítì tó wà ní Òkìtìpupa lórúkọ rẹ̀. Ẹni tó mọ ohun tó wà nínú ilẹ̀ wa jókòó sórí àga, ọ̀dà náà ò kúrò níbi tó wà. Kì í ṣe pé kò gbọ́n. Abala 44 nínú òfin orílẹ̀-èdè ọdún 1999 ló ní ìjọba àpapọ̀ ló ni gbogbo ohun àlùmọ́ọ́nì inú ilẹ̀. Àṣẹ tó wà lórí ọ̀dà wa, Àbújá ló wà.

Ní Nọ́wè náà, ìjọba ló ni epo, ẹ má jẹ́ ká tan ara wa. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ará ìlú lè rí ìwé ohun tí ìjọba fi ohun wọn ṣe. Ọjọ́ tí katapílà bá wọ oko ẹ̀gẹ́ ní Òde-Ìrèlè tàbí ní Àgbabù, ìwé ni yóò pinnu bóyá a máa di ọlọ́rọ̀ tàbí a máa di ẹni tó ń fọ ọ̀dà kúrò lójú odò. Àwọn tó ń bọ̀ yẹn mọ jọ́gíráfì ilẹ̀ wa ju àwa tí a bí síbẹ̀ lọ. Wọ́n ní máàpù, wọ́n mọ bí ọ̀dà náà ṣe jìn tó, wọ́n mọ ibi tí omi inú kànga wa ń gbà. Àwa jókòó sínú mọ́tò Orè, à ń sọ pé òtútù ló kọ́ òyìnbó lọ́gbọ́n.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ Òkìtìpupa, Ìkọyà, Ìlútitun àti Ìrèlè, tí ẹ bá gbọ́ pé ìpàdé bítúmẹ̀n wà láàfin, ẹ lọ. Ẹ kí kábíyèsí dáadáa, ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ kúnlẹ̀, bó ti yẹ ọmọlúàbí. Lẹ́yìn náà kí ẹ ní kí wọ́n ka ìwé àdéhùn náà sókè, lédè Yorùbá, láti ojú ìwé kìíní. Kí wọ́n sọ ibi tí omi ìdọ̀tí rẹ̀ á gbà, iye tí wọ́n máa san fún ẹni tó ní oko, àpò tí owó ìlú máa wọ̀, àti orúkọ àwọn tó lè fọwọ́ sí i kí ó jáde. Tí wọ́n bá ní ìwé náà ò tíì dé, kí ẹ ní ẹ máa dúró dè é. Ẹ gbé púpurú dání, kì í tètè bàjẹ́.